Àwo Jáàsì Àtijọ́: Ṣé Ó Yẹ Ká Gbọ́ Ọ?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ tẹ àwo jáàsì ayé ọjọ́un, ariwo “ṣààà” ló kọ́kọ́ jáde, ọwọ́ yín sì ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú orin “Chimes Blues” tí ẹgbẹ́ olórin King Oliver ṣe fún Gennett, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, ní Richmond, ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1923. Kò sí máìkì níbẹ̀. Ìwo ńlá tó ń kó ohùn jọ ni wọ́n kọjú sí, ohùn fèrè wọn gan-an ló ń mi abẹ́rẹ́ tó ń fín orin sára àwo ìda. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù, ẹ̀yìn pátápátá ló máa dúró sí. Bí wọ́n ṣe lé Louis Armstrong sẹ́yìn nìyẹn, torí cornet rẹ̀, ìyẹn fèrè onídẹ kékeré, ń bo ti King Oliver ọ̀gá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlù ńlá lè mú abẹ́rẹ́ fò, ni Baby Dodds, onílù wọn, bá ń lu pákó kékeré. Ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Tí rélùwéè bá ń kọjá, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Tí ìlù ò bá wá rinlẹ̀, ẹ má bú onílù. Ohun tí èmi ń wá ni pé: ṣé àwọn èèyàn yìí ń gbọ́ ara wọn? Ẹ di clarinet, fèrè onígi tí Johnny Dodds ń fọn, mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Níbi tí cornet bá ti mí, ibẹ̀ ló ń kó sí, bí ẹni ń gbe orin. Tí cornet bá padà dé, á yà fún un. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni! Lẹ́yìn náà ni Armstrong bọ́ síwájú, ìgbà àkọ́kọ́ tó dá fọn nínú àwo. Ohun tó fọn ò díjú, àmọ́ ohùn yẹn dán, ó sì dúró ṣinṣin.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn ẹ̀dà tí wọ́n fọ ariwo kúrò lára wọn jù, torí adùn fèrè máa ń bá a lọ. Ẹ wá ẹ̀dà míì tó ṣì ń ṣe “ṣààà” díẹ̀, kẹ́ ẹ tó dájọ́. Tí ẹ bá wá tẹ̀lé fèrè kan tán, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tí kálukú kàn ń pariwo tiẹ̀, ẹ pa á. Èmi náà máa ń pa á.