Bí Bátìrì Mọ́tò Onílé Kò Ṣe Ní Kú Nígbà Òtútù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní ìlú ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnì nínú, tó máa ń dúró sójú kan láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kẹta. Òtútù nìkan kì í pa bátìrì. Kó wà lófìfo, tí iná ti tán nínú rẹ̀, nínú òtútù ló ń pa á.

Bátìrì olómi ásíìdì tí iná kún inú rẹ̀ bámúbámú lè wà nínú òtútù ìwọ̀n 50 sísàlẹ̀ òdo kó má dì. Èyí tí iná ti tán nínú rẹ̀ ńkọ́? Ní nǹkan bíi 7 sí 10 sísàlẹ̀ òdo, omi inú rẹ̀ lè di yìnyín, kí ara rẹ̀ wú, kó sì sán. Kó tiẹ̀ tó dì, bó ṣe ń pẹ́ lófìfo ni ìdọ̀tí funfun ń le mọ́ àwọn òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀. Tó bá ti le tán, ṣájà ò ní rí i tú mọ́.

Kí ló wá ń jẹ iná nígbà tí kò sẹ́nì kankan nínú ọkọ̀? Álààmù ni, tírákà tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà ni, rédíò ni, àti ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gáàsì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á, tọ̀sán-tòru.

Ẹ mú mítà tó ń wọn volt. Ẹ yọ ṣájà, kí bátìrì sinmi fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ tó fi wáyà pupa kan orí pósítífù, kẹ́ ẹ fi dúdú kan nẹ́gátífù. Volt 12.6 tàbí 12.7, ó kún nìyẹn. 12.4, ó ti ń lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 12.2, ó ti ku ìdajì, ẹ má fi dọ̀la.

Ibi tó ti ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà, ti ẹ́ńjìnnì àti ti inú ilé, èyí tó ń tan gílóòbù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò yìí, tẹ́ ẹ bá so ọkọ̀ mọ́ iná ìjọba, ti inú ilé nìkan ló ń gba ṣáàjì. Gílóòbù á máa tàn yòò, ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kẹta, ẹ́ńjìnnì ò ní dáhùn. Nítorí náà, bí iná bá ṣe wà lára rẹ̀, ẹ wọn ti ẹ́ńjìnnì náà. Tí kò bá ju 13 lọ, kò rí nǹkan kan gbà.

Ṣájà tó ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ tí bátìrì bá kún ni kẹ́ ẹ rà. Ṣájà àtijọ́ á sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ má sì gbójú lé sólà orí òrùlé jù: nínú oṣù kejìlá, bíi wákàtí 8 péré ni ojúmọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn ò sì gòkè. Kẹ́ ẹ máa tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú kan ńkọ́? Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí ìtanná yẹn jẹ lára bátìrì, kò lè dá a padà tán.

Tí kò bá sí iná níbi tí ọkọ̀ wà, ẹ tú nẹ́gátífù kẹ́ ẹ tó tú pósítífù, kẹ́ ẹ gbé bátìrì wálé, kẹ́ ẹ máa ṣáàjì rẹ̀ lóṣooṣù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi àwọn oníǹṣọ́ránsì yín, torí tírákà lè kú.

Bátìrì lithium yàtọ̀ sí ti olómi ásíìdì. Ìdajì ni kẹ́ ẹ fi iná inú rẹ̀ sí, kẹ́ ẹ wá pa ìsopọ̀ iná rẹ̀. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ rárá tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù kọjá òdo. Ẹ tan hítà inú ọkọ̀ títí bátìrì náà á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ tó so ṣájà mọ́ ọn.