Níbo ni Mẹ́talọ́kan Wà nínú Bíbélì?

Ẹ̀yin olùwòran wa, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi Mẹ́talọ́kan han òun nínú Bíbélì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré ṣí 1 Jòhánù 5:7. Lóòótọ́, ẹsẹ náà nínú Bíbélì King James ní mẹ́ta ló ń jẹ́rìí ní ọ̀run: Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀kan sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dùn ún gbọ́ o. Àmọ́ gbólóhùn yẹn kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tó lọ́jọ́ lórí jù. Nígbà tí Erasmus, ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù, tẹ Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì ní 1516, kò fi í sí i, wọ́n sì bínú sí i gan-an. Ìgbà tí wọ́n gbé ìwé àfọwọ́kọ kan tó ní in wá ló tó fi í sínú ẹ̀dà kẹta ní 1522. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni.

Odò Jọ́dánì ni kí ẹ mú un lọ, Mátíù orí kẹta. Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ láti inú omi, ọ̀run ṣí, Ẹ̀mí Ọlọ́run sọ̀kalẹ̀ bí àdàbà, ó bà lé e, ohùn kan sì fọ̀ láti òkè: "Èyí ni àyànfẹ́ ọmọ mi." Sabellius, olùkọ́ kan láyé ìjọ ìgbàanì, kọ́ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí, pé ńṣe ló kàn ń pààrọ̀ ìrísí. Ó dáa, ta ló wá ń bá ta sọ̀rọ̀ létí odò yìí?

Ṣé Ọlọ́run mẹ́ta wá ni? Rárá o! Diutarónómì 6:4 ti pa á láṣẹ pé Olúwa kan ni. Síbẹ̀ Tọ́másì, ọmọ Júù pọ́ńbélé, pe Jésù ní "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi" ní Jòhánù 20:28, Jésù kò sì bá a wí. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí karùn-ún, Pétérù ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni Ananáyà purọ́ fún. Kò pẹ́ tó tún fi ní Ọlọ́run ló purọ́ fún. Kò sí ẹsẹ kan tó dá gbogbo rẹ̀ sọ tán. Ńṣe lẹ máa kó wọn pọ̀.

Àwọn kan á ní Constantine, olú ọba Róòmù, ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea, lọ́dún 325. Ohun tó gbé ìpàdé yẹn dìde ni Arius, àlùfáà Alẹkisáńdíríà, tó ní ẹ̀dá ni Ọmọ. Kí wọ́n tó bí Constantine rárá, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ti ń kọ̀wé nípa Mẹ́talọ́kan ní Carthage, níbí ní Áfíríkà.