Ìyẹ̀fun, Omi àti Ìṣẹ́jú 18: Bí Òfin Àwọn Júù Ṣe Ń Palẹ̀ Ilé Mọ́ fún Àjọ Ìrékọjá

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ka Ẹ́kísódù orí 12 títí, a sì mọ̀ pé àwọn Júù kì í jẹ ìwúkàrà nígbà àjọ Ìrékọjá. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ni ìwúkàrà yìí gan-an, ọ̀pọ̀ á dáhùn pé yíìsì ni. Ibẹ̀ la ti ń ṣì í. Bí ìdáhùn yẹn bá wà lọ́kàn wa, gbogbo wàhálà tí ilé Júù ń ṣe kí àjọ tó dé kò ní yé wa.

Ẹ wo wáìnì. Yíìsì ló ń sọ omi èso àjàrà di wáìnì, bẹ́ẹ̀ àwọn amòfin Júù pa á láṣẹ pé kí tọkùnrin tobìnrin mu ife wáìnì 4 lálẹ́ àjọ náà. Ẹ wá wo sùpàgẹ́tì. Kò sí yíìsì nínú rẹ̀. Kò sí nínú ọ̀pọ̀ bisikíìtì, kò sì sí nínú sẹ̀mó tí a rò lórí iná. Síbẹ̀ òfin ka gbogbo wọn sí chametz, èyí tí Bíbélì wa pè ní ohun wíwú. Seor ni èdè Hébérù ń pe ìwúkàrà fúnra rẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun kíkan tí a fi ń mú òmíràn wú. Méjèèjì ni òfin lé jáde.

Chametz nìyí: ọ̀kan nínú ọkà 5, ìyẹn àlìkámà, ọkà báálì, spelt (irú àlìkámà àtijọ́ kan), oats àti rye, tí omi kàn án, tí a sì fi sílẹ̀ láìyan fún ìṣẹ́jú 18. Ìgbà tí èèyàn fi ń rin máìlì ayé àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n yẹn. Bí omi náà bá gbóná, tàbí tí ìyẹ̀fun pípò náà wà nínú oòrùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó wú. Ohun mẹ́ta tí òfin ń ṣọ́ ni ọkà, omi àti àkókò.

Nítorí náà ògì tó kan kì í ṣe chametz, fùfú kì í ṣe é, irú tó ń rùn kì í ṣe é. Kíkan nìkan kọ́ ni òfin ń wò. Àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀wà wà ní ìpele tiwọn, kitniyot ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn Júù Ashkenazi, tí àwọn babańlá wọn gbé ní Jámánì, Pólándì àti agbègbè wọn, kì í jẹ wọ́n nígbà àjọ, nítorí pé a ń lọ̀ wọ́n, a ń sè wọ́n bí ọkà, àpò kan náà ni wọ́n sì máa ń bá àlìkámà gbé lọ́jà. Púpọ̀ nínú àwọn Sephardi, ìyẹn àwọn Júù tí ìran wọn ti Sípéènì wá, ń jẹ ìrẹsì, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣà á ní ìgbà 3 kí wóró àlìkámà má bàa fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ní 2015, ìgbìmọ̀ òfin Conservative, ẹ̀ka ẹ̀sìn Júù kan tó ń mú òfin bá ìgbà mu, ní Amẹ́ríkà gba àwọn ọmọ ẹ̀ka wọn láyè láti jẹ kitniyot. Àwọn Ashkenazi tó jẹ́ Orthodox, ẹ̀ka tó di òfin àtijọ́ mú gírígírí, kò gbà. Ẹ kíyè sí i pé jíjẹ nìkan ni àṣà yìí dí lọ́nà. Ashkenazi lè ní àpò ẹ̀wà nínú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ àjọ dé òpin. Isu àti gbágùúdá kò sí nínú èyíkéyìí, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó lọ èlùbọ́ bá ti lọ àlìkámà rí, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀rọ.

Ti chametz fúnra rẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Òfin ní kí a má jẹ ẹ́, ó tún ní kí a má rí i lọ́dọ̀ wa, kí a má sì ní in. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ẹnu nìkan. Búrẹ́dì tí o kò jẹ, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Oúnjẹ ajá tó ní àlìkámà nínú ńkọ́? Bákan náà ni, nítorí jíjẹ àǹfààní lára chametz pẹ̀lú di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn aláìsàn tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu kò sí nínú àríyànjiyàn yìí rárá. Kí ó lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọdún 2026 bí àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 14 oṣù Nisan, tí àjọ ń wọlé ní alẹ́ rẹ̀, bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀ ni wíwá chametz kiri ilé. Láti nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí ilẹ̀ tó ṣú ni èèyàn kò ti ní bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tàbí iṣẹ́ tó lè gbà á lọ́kàn. Ilẹ̀ ṣú tán, ó súre, kò sì ní sọ̀rọ̀ mìíràn títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àbẹ́là olówùú kan ṣoṣo ni òfin fẹ́, torí a lè tì í bọ ihò àti kọ̀rọ̀. Wọn kò fẹ́ ètùfù, nítorí ẹni tó mú iná ńlá dání yóò máa bẹ̀rù kí ilé má jó, kò ní wo kọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ rábì gba tọ́ọ̀ṣì láàyè lónìí, pàápàá fún inú ọkọ̀ àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ibi tí oúnjẹ ti lè wọ̀ ni a ń wò: àpò aṣọ, báàgì ọmọ iléèwé, ẹ̀yìn àga onítìmùtìmù, dúrọ́ọ̀ ibi iṣẹ́.

Àṣà wà pé kí ẹnìkan tọ́jú ègé búrẹ́dì 10 síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ìwákiri má bàa jẹ́ lásán. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. A fi ègé síbi kan, a gbàgbé ibẹ̀, a rí 9. Nítorí náà ẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí èérún rẹ̀ má dà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tóbi tó èso ólífì kan, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ fi wọ́n sí sórí ìwé.

Lẹ́yìn ìwákiri ni ìsọdasán. Èdè Árámáíkì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n òfin fẹ́ kó yé ẹni tó ń sọ ọ́, nítorí náà èdè èyíkéyìí tó gbọ́ ló dára. Ní Yorùbá, ìtumọ̀ rẹ̀ á rí báyìí: gbogbo ohun wíwú àti ìwúkàrà tó wà ní ìkáwọ́ mi, tí n kò rí, tí n kò mú kúrò, tí n kò sì mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó di asán, kí ó má ní ẹni tó ni ín mọ́, bí erùpẹ̀ ilẹ̀. Ẹ rí i pé ti alẹ́ yìí yọ èyí tí a mọ̀ sílẹ̀, torí a ṣì fẹ́ fi búrẹ́dì jẹun àárọ̀. Ti àárọ̀, lẹ́yìn tí a bá sun ìyókù, kó èyí tí a rí àti èyí tí a kò rí pọ̀.

Wákàtí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Jíjẹ chametz ń parí ní òpin wákàtí kẹrin ojúmọmọ. Sísun, títà àti ìsọdasán ń parí ní òpin wákàtí karùn-ún. Wákàtí yìí kì í ṣe ti aago. A ó pín ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ sí ọ̀nà 12. Bí oòrùn bá yọ ní 6:30 àárọ̀, tó sì wọ̀ ní 7:30 alẹ́, wákàtí 13 ti aago nìyẹn, wákàtí òfin kan á sì jẹ́ ìṣẹ́jú 65. Jíjẹ parí ní 10:50, sísun parí ní 11:55. Àwọn tó ń ka ọjọ́ láti ìdájí, kí oòrùn tó yọ, tún ń tètè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun á sọ ọ́ dasán lọ́sàn-án ti pẹ́ jù: òfin ti gba chametz náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ti jíjẹ àǹfààní, ohun tí kò sì sí níkàáwọ́ ẹni kò ṣeé sọ dasán.

Bí ọjọ́ 14 bá bọ́ sí Sábáàtì, bí ó ti rí ní 2021 àti 2025, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìwákiri, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni sísun, kí a sì fi búrẹ́dì tó máa tó oúnjẹ Sábáàtì sílẹ̀.

Àwọn tó ní ọjà púpọ̀ ńkọ́? Títà fún ẹni tí kì í ṣe Júù ni. Òfin yìí ti pẹ́. Tosefta, ìwé òfin Júù àtijọ́ kan, ti sọ nípa Júù tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe Júù: kí ó tà á fún un, kí ó sì rà á padà lẹ́yìn àjọ. Lónìí rábì ló ń ṣojú ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n kọ ibi tí ọjà wà, olùrà san àsansílẹ̀, ó sì háyà àyè tí ọjà náà wà. Ní Ísírẹ́lì, Ilé Iṣẹ́ Olórí Rábì ti ta chametz ìjọba fún ará Abu Ghosh kan lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́. Títà gidi ni. Bí olùrà bá fẹ́ wá kó o láàárín àjọ, tirẹ̀ ni. Ẹ má kọ ìkòkò àti àwo mọ́ ohun tí ẹ tà. Bí ìkòkò irin bá di ti ẹni tí kì í ṣe Júù, tí ẹ sì rà á padà, ẹ gbọ́dọ̀ rì í bọ inú mikveh, ìyẹn odò ìwẹ̀nùmọ́ àwọn Júù, kí ẹ tó lò ó. Chametz tó lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ni kí ẹ tà. Ẹni tó gbé New York tó sì lọ ṣe àjọ ní Jerúsálẹ́mù gbọ́dọ̀ sọ fún rábì rẹ̀, torí àkókò ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 7 kí ó tó kọjá nílé.

Ó kan ohun èlò ìdáná. Ìlànà kan ló gbé gbogbo rẹ̀: bí ohun èlò ṣe mu adùn ni yóò ṣe tu ú jáde. Ìkòkò tí a fi se nǹkan nínú omi, omi híhó ni yóò fọ̀ ọ́. Irin tí a fi ń yan ẹran lórí iná, iná ni, kí ó pọ́n títí tí ẹ̀ta iná á fi máa ta jáde lára rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ kò ní àtúnṣe, Léfítíkù ti ní kí a fọ́ ọ. A ń kó o pamọ́ ni. Gíláàsì pín wọn níyà: Joseph Karo nínú Shulchan Aruch, ìwé òfin Júù tó kọ, ní fífọ̀ tó, Moses Isserles ti Kraków sọ fún àwọn Ashkenazi pé kò ní àtúnṣe.

Fún ìkòkò irin, ẹ kọ́kọ́ ha gbogbo ìdọ̀tí, ìpẹta àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọwọ́ rẹ̀, torí omi híhó kì í wọ abẹ́ ẹ̀gbin. Ẹ fi sílẹ̀ láìlò fún wákàtí 24. Kí omi hó dáadáa, kí ẹ ti nǹkan náà bọ̀ ọ́ pátápátá. Bí ó bá tóbi, ẹ tì í bọ̀ ọ́ ní apá kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ má da síbí 20 papọ̀ sínú rẹ̀: ibi tí wọ́n ti kan ara wọn, omi kò dé ibẹ̀, omi náà á sì dẹ́kun híhó. Ìkòkò ńlá tí kò sí ìkòkò mìíràn tó lè gbà á, ẹ kún un dé etí, ẹ jẹ́ kó hó, kí ẹ sì ju òkúta gbígbóná sínú rẹ̀ kí omi lè ṣàn kọjá etí rẹ̀. Omi tútù ló gbẹ̀yìn. Asẹ́ ìyẹ̀fun àti ẹ̀rọ tí a fi ń yan búrẹ́dì kò tọ́ sí wàhálà yẹn. Ẹ tì wọ́n mọ́lé.

Ìdí tí wọ́n fi ń yára ṣe é ṣáájú ni pé bí ẹ̀kán chametz bá yọ́ sínú ọbẹ̀ kí àjọ tó wọlé, tí ọbẹ̀ náà fi ìlọ́po 60 jù ú lọ, ó ti sọnù nìyẹn. Bí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ láàárín àjọ, ìlọ́po 1,000 kò bò ó mọ́lẹ̀.

Matzah, àkàrà àìwú, àlìkámà àti omi kan náà tó lè di chametz ni a fi ń ṣe é. Omi tó ti sùn mọ́jú nìkan ni wọ́n ń lò, kí ó lè tutù. Ìyẹ̀fun kò gbọdọ̀ kan omi rí, láti ìkórè fún èyí tó dára jù. Ọwọ́ kì í kúrò lára ìyẹ̀fun pípò náà, wọ́n ń gún un ní ihò kí atẹ́gùn má bàa fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fọ gbogbo pátákó àti irin lẹ́yìn ìṣẹ́jú 18. Èyí tó ká lórí ara rẹ̀ nínú ààrò, tàbí tó wú bí ikùn, a ó yọ ibẹ̀ dà nù, torí iná kò dé àárín rẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ matzah tí okùn ìyẹ̀fun tútù sì fà láàárín, kò jiná.

Lálẹ́ àjọ, ife wáìnì gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán mílílítà 86 lójú ọ̀pọ̀, 150 lójú àwọn tó le, kí a sì mu ju ìlàjì lọ. Matzah tó ìwọ̀n èso ólífì, nǹkan bí ìlàjì pẹlẹbẹ ti ẹ̀rọ, ni kí a jẹ láàárín ìṣẹ́jú 4, kí a fara ti apá òsì. Ewébẹ̀ kíkorò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni létíùsì. Ewúro kò sí lára àwọn tí wọ́n mọ̀. Ewé ni kòkòrò kékeré fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó níwájú iná. Ìyókù alẹ́ náà wà nínú Haggadah, ìwé tí wọ́n ń kà lálẹ́ àjọ.

Ní ọjọ́ àjọ fúnra rẹ̀, sísè lààyè, ṣùgbọ́n dídá iná tuntun kò sí. Inú iná tó ti ń jó ni a ti ń mú iná, ìdí nìyẹn tí a fi ń tan àbẹ́là tó lè jó ju ọjọ́ kan lọ sílẹ̀. Fún ọjọ́ òní ni a sì ń dáná, a kì í dáná fún ọ̀la. Ní 2026, lẹ́yìn odi Ísírẹ́lì, níbi tí àjọ ti jẹ́ ọjọ́ 8, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ àjọ, Sábáàtì sì tẹ̀ lé wọn. Kí a lè dáná Sábáàtì lọ́jọ́ Ẹtì, a ó ya oúnjẹ kan sọ́tọ̀ ní Ọjọ́rú, eruv tavshilin ni wọ́n ń pè é: matzah kan àti oúnjẹ sísè kan, ẹyin sísè tó. A ó súre lé wọn, a ó sọ pé nípa èyí ni a fi gba àyè láti yan, láti sè, láti tan iná fún Sábáàtì. Ẹ má jẹ ẹ́ kí iṣẹ́ Sábáàtì tó parí. Ní Ísírẹ́lì, níbi tí ọjọ́ Ẹtì ti jẹ́ ọjọ́ àárín àjọ, kò pọn dandan.

Bí àjọ bá parí tí ilẹ̀ sì ṣú, kọ́bọ́ọ̀dù tí a fi tépù dì ṣì wà ní dídì. Chametz tó wà lọ́wọ́ Júù láti ìbẹ̀rẹ̀ àjọ dé òpin jẹ́ èèwọ̀ fún un títí láé, nítorí náà wọ́n ń dúró kí rábì ránṣẹ́ pé òun ti rà á padà. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ ń dúró, kí wọ́n tó já tépù náà.