Ẹni Tí Kò Sí Lórí Ìwé Kankan

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àwọn alábàárù ọjà Bódìjà, iye tí wọ́n ń rí lóòjọ́, ibi tí wọ́n ń sùn. Inú ìwé wo lẹ ti fẹ́ mú orúkọ wọn? Kò sí. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni, ẹni tó ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ò sì ní ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ máa kàn.

Ọ̀pọ̀ wa á kàn mú ẹni tó bá ṣáà ti dúró. Mo ti ṣe é rí o, mi ò ní purọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo gbé bírò mi débẹ̀, àwọn tó jókòó síbi ibòji nìkan ni mo bá, àwọn tó lágbára ti wà nídìí lọ́rì tí wọ́n ń já iṣu láti kùtù, èmi wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé alábàárù ò ríṣẹ́ ṣe!

Èyí tó wọ́pọ̀ ni kẹ́nì kan mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, kí ọ̀rẹ́ náà mú tiẹ̀ wá. Snowball sampling ni wọ́n ń pè é, bíi ìṣù yìnyín tó ń tóbi sí i bí wọ́n ṣe ń yí i, Leo Goodman, onímọ̀ ìṣirò, kọ̀wé lé e lórí ní 1961 (yìnyín tiwa n'Íbàdàn ti máa ń yọ́ kó tó ṣeé yí, àmọ́ ó ṣáà yé yín). Wàhálà ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ Ṣakí, kó tó dìrọ̀lẹ́ ọmọ Ṣakí nìkan lẹ máa kó jọ, àwọn Hausa ńkọ́, àwọn obìnrin tó ń rẹrù ńkọ́?

Ní 1997, Douglas Heckathorn, ará Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n míì dé nígbà tó ń wá àwọn tó ń gún oògùn olóró sára. Kúpọ́ọ̀nù díẹ̀ ni oníkálukú máa ń gbà láti fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ kó wá, mẹ́ta ló wọ́pọ̀, kẹ́nì kan má baà kó gbogbo àdúgbò ẹ̀ dé. Wọn ò ní ní kó o dárúkọ ọ̀rẹ́ ẹ, òun ló máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Wọ́n á wá bi ẹ́ pé mélòó lo mọ̀ nínú wọn, torí ẹni tó mọ ọgọ́rùn-ún, kúpọ́ọ̀nù á tètè kàn án ju ẹni tó mọ márùn-ún lọ, wọ́n á sì fi ìyẹn ṣírò, kí ìdáhùn àwọn tó mọ èèyàn púpọ̀ má baà borí tàwọn yòókù.

Àmọ́ owó wà níbẹ̀ o, owó ìdáhùn àti owó ẹni tó o mú wá, àwọn tí ò gbẹ́rù rí náà á sì yọjú. Èmi o, aṣọ ni mo máa ń gbé fún wọn pé kí wọ́n bá mi ká òṣùká. Àwọn kan á dì í bíi gèlè.