Ànábì Mùsá gan-an gbéra lọ kẹ́kọ̀ọ́, àwa ńkọ́?

Asalaamu alaekum ẹ̀yin èèyàn mi, Jímọ̀ tún ti dé, alhamdulillah. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ka Suratul Kahf lọ́wọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá dé aaya 60 ẹ má sáré kọjá.

Ibẹ̀ ni Ànábì Mùsá (alaehi salaam) ti sọ fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a rìn pé òun ò ní dúró àfi tóun bá dé ibi tí òkun méjì ti pàdé, kódà kóun fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn ín. Ìmọ̀ ló ń wá lọ o! Mùsá tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀, tó gba Taorah, tó kojú Firiaona. Hadiisi tí Bukhari gbà wá ní wọ́n bi í láàárín àwọn Banu Isirailu pé ta ló nímọ̀ jù, ó ní òun ni, Ọlọ́hun bá a wí torí kò dá ìmọ̀ padà sọ́dọ̀ Ẹni tó ni ín, Ó ní ẹrú Òun kan wà níbi òkun méjì tó mọ̀ jù ú lọ. Mùsá ò jiyàn, kò rán ẹnìkan, ó kó ẹja sínú agbọ̀n ó gbọ̀nà, ìrìn náà sì tán wọn lókun. Nígbà tó rí Khidr, ẹrú Ọlọ́hun yẹn, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ṣé mo lè máa tẹ̀lé yín kẹ́ ẹ kọ́ mi nínú ìmọ̀ tí wọ́n kọ́ yín?

Ẹni ogójì ọdún lọ́dọ̀ wa á ní ìgbà òun ti lọ, bàbá òun ni ò jẹ́ kóun parí ilé kéwú. Bàbá ti kú (Ọlọ́hun á kẹ́ wọn), ta ló wá dí yín lọ́wọ́ báyìí? Ẹlòmíì ní Alfa àdúgbò ló máa bá òun dáhùn. Ọlọ́hun ní nínú Suratul Mudathir aaya 38 pé ohun tí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ló máa dè é mọ́lẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìtìjú. Màmá tó ti ní ọmọ-ọmọ, ankò Àsáláátù ò wọ́n nílé wọn, kò burú, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti jókòó kọ́ alifu bá'u torí wọ́n lè pàdé ọmọ kékeré níbẹ̀. Ìyá wa Aisha (rọdiyallahu anha) yin àwọn obìnrin Ansar (àwọn ará Mẹ́dínà tó gba Ànábì tọwọ́tẹsẹ̀), wọ́n ní ìtìjú ò dí wọn lọ́wọ́ láti lóye ẹ̀sìn wọn, ohun táwọn ẹlòmíì ò lè lanu sọ rárá ni wọ́n ń bi Ànábì (SAW).

Kì í sì í ṣe kéwú nìkan. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ju ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ, tí wọ́n gbé mọ́tò oní-kọ̀ǹpútà wá fún tó wá ń tú u káàkiri, ohun olóhun ló fi ń dánra wò yẹn, amaana sì ni, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún là ń ké Fatiha lójúmọ́ nínú ìrun ọ̀ranyàn nìkan. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán lónìí, kẹ́ ẹ tó wá bàtà yín, ẹ sún mọ́ Alfa kan, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ tún un kà, ẹ tún un kà.