Kì Í Ṣe Ogbó Ló Ń Wọ́ Ẹsẹ̀ Yẹn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹni tó ń ran bàtà ló kọ́kọ́ rí àìsàn mi, kì í ṣe dókítà. Mo gbé bàtà aláwọ mi fún un pé kó bá mi tún un ṣe. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò ra imú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni? Ti òsì ṣì dára, imú ti ọ̀tún nìkan ló gbó báyìí." Mo ní àgbà ló dé. Ẹni ọdún 54 ni mí nígbà náà. Mo ti pé 58 kí wọ́n tó sọ fún mi pé multiple sclerosis, tí wọ́n ń pè ní MS, ló wà lára mi.

Ọ̀rọ̀ "àgbà ló dé" yẹn ló jẹ ọdún mẹ́rin mi. Mo sọ ọ́, ìyàwó mi sọ ọ́, dókítà méjì sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní làkúrègbé ni, ó fún mi lóògùn ìrora. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò dùn mí rárá. Kò kàn gbọ́ ohun tí mo ń wí fún un mọ́ ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú MS ni pé àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, yíjú padà sí ọpọlọ, mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti iṣan tí ojú fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Wọ́n ń jẹ ọ̀rá tó bo iṣan náà, tí wọ́n ń pè ní myelin. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti bó, ẹ mọ bí iná rẹ̀ ṣe ń ṣe. Iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ẹsẹ̀ a pẹ́ lọ́nà, òmíràn kò ní dé rárá. Láti 1868 ni Jean-Martin Charcot ti ṣàlàyé àìsàn yìí yékéyéké ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ kárí ayé ní 2020, àwọn tó ní i tó mílíọ̀nù 2.8.

Àárín 20 sí 40 ọdún ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, obìnrin sì fi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju ọkùnrin lọ. Ibi tí wàhálà wa wà nìyẹn. Bí ojú ọ̀dọ́ kan bá ṣàdédé ṣókùnkùn, kíá ni dókítà yóò ronú kan MS. Lára àwa tó ti lé ní 50, ó sábà máa ń yọ́ wọlé ni. Ẹsẹ̀ a máa wúwo díẹ̀díẹ̀, ìtọ̀ a máa kánjú, ènìyàn a máa di ògiri mú kó tó yíjú. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ lè nawọ́ sí pé ọjọ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ náà takókó. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ mi, àmì funfun kéékèèké hàn níbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Mi ò dá a lẹ́bi tán, torí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọjọ́ orí máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Àìtó vitamin B12 náà lè sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni egungun ọrùn tó bá fún mùdùnmúdùn mọ́. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà ni pé obìnrin dókítà kan ní kí wọ́n ya ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ó fi ìka tọ́ka sí àmì méjì lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ní ọrùn, ọ̀kan láàárín ẹ̀yìn. Ó ní, "Bàbá, ogbó kì í sábà fi irú èyí síbí." Wọ́n wá fa omi ẹ̀yìn mi, wọ́n bá àwọn èròjà kan nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọpọlọ gan-an logun náà ti ń lọ.

Ìtura ló kọ́kọ́ bá mi, ojú sì tì mí láti sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń rò pé ìwà ọ̀lẹ ló wọ̀ mí lẹ́wù. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìbànújẹ́ dé, kò sì tètè lọ.

Oògùn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó ń wò ó tán. Irú tèmi, tó ń lọ síwájú láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un títí di 2017 tí ocrelizumab dé. Inú mi ò dùn sí i pé nínú ìdánwò ńlá tó mú un dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni ọdún 55 ni àgbà wọn. Àwa tí wọ́n ń kọ ọ́ fún kò sí níbẹ̀. Ọmọ ogun ara àgbàlagbà ti rẹ̀ fúnra rẹ̀, oògùn tó bá tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè ṣílẹ̀kùn fún àrùn mìíràn. Èmi àti dókítà mi wọ̀n ọ́n fún oṣù méjì kí a tó gbà pé kí n lò ó. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n tó sì kọ̀ ọ́, mi ò ní bá a jà.

Ooru lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Mo wẹ omi gbígbóná lọ́jọ́ kan, mi ò lè dìde mọ́, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Nígbà tí ara mi tutù, ẹsẹ̀ padà. Iṣan tó ti bó kì í ríṣẹ́ ṣe nínú ooru ni, kì í ṣe pé àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ sí i.

Bí ẹ bá wá ń lọ rí dókítà, ẹ má kàn ní ẹsẹ̀ ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ sọ ohun tó lè ṣe lọ́dún tó kọjá tí kò lè ṣe mọ́. Ẹ sọ ti ìtọ̀ náà, ẹ má tijú. Bó bá ní àgbà ló dé, ẹ bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni àgbà dé bá. Kẹ́ ẹ sì mú bàtà yẹn dání.