Iléèwé Lásìkò Òtútù: Ọ̀rọ̀ fún Òbí Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Chicago

[Àwòrán: òbí àti ọmọ níwájú ẹnu ọ̀nà iléèwé láàárọ̀, òjò dídì wà nílẹ̀.]

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin òbí. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Fídíò yìí wà fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Chicago àti agbègbè rẹ̀, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹjọ. Ọ̀rọ̀ January sí March la fẹ́ sọ. Láàárín oṣù mẹ́ta yìí, ẹ̀kọ́ máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ: òtútù ń mú, àìsàn ń jà, àwọn kan ò tíì ti ìrìn àjò dé, ìsinmi sì ń já lu ìsinmi. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí jù ni pé kí iléèwé máa tẹnu yín gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó di ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ìrìn àjò ilé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ìsinmi Kérésì ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ, owó ọkọ̀ òfuurufú sí Èkó ní December sì ń ga ju ara lọ. Ẹni tó bá tètè lọ tàbí tó pẹ́ kó tó padà máa ń rówó ṣẹ́kù. Àbúrò tún lè fi ìgbéyàwó sí January, ìyá àgbà sì lè máa sọ pé òun ò tíì fojú kan ọmọ-ọmọ òun rí. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má lọ o. Ọmọ tó mọ ilé bàbá rẹ̀ ti ní nǹkan tí tíṣà kankan ò lè fún un. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí òfin Illinois sọ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti ọdún 6 títí di ọdún 17, dandan ni iléèwé fún ọmọ. Òfin dárúkọ àwọn ìdí tó lè mú ọmọ jókòó sílé láìsí ẹ̀bi: àìsàn, ọdún ẹ̀sìn, ikú nínú ẹbí, pàjáwìrì ilé. Láti ọdún 2022, wọ́n tún fi ìlera ọkàn kún un: bí nǹkan bá wúwo lọ́kàn ọmọ, ó lè gba ìsinmi tó ọjọ́ 5 lọ́dún láìmú ìwé dókítà wá. Ìrìn àjò ìgbafẹ́ kò sí lára àwọn ìdí náà. Bí ọmọ bá pa iléèwé jẹ láìnídìí tí òfin gbà fún ọjọ́ 9 nínú 180, òfin ti lè pè é ní ìsáǹsá paraku. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ méjì iléèwé kún ìsinmi, ọjọ́ 10 nìyẹn.

Ìṣirò kejì tún wà, tí kò ka àwáwí kankan sí. Bí ọmọ bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ iléèwé, ìbáà jẹ́ àìsàn, ìbáà jẹ́ ìrìn àjò, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí kì í wá déédéé. Nínú ọdún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ 176, ọjọ́ 18 ti tó. Ẹni tó ti fi 10 lọ sílé, tí òtútù tún wá dá a dùbúlẹ̀ ní February, ẹ rí i pé kò kù púpọ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ pé lílọ yẹn ò ṣeé yẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì iléèwé ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ ọmọ á ṣì wà nínú ìwé wọn tí ẹ bá pẹ́. Ẹ lọ bá tíṣà fúnra rẹ̀, kó kó iṣẹ́ fún ọmọ. Bí ẹ bá sì ti débí, tí ọjọ́ ti lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bá wọn lọ́la òde yìí. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì iléèwé máa ń gbọ́ àlàyé.

[Àwòrán: ọmọ lórí ibùsùn, ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.]

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé.

Ọmọ tí wọ́n bí síbí kò ní agbára kankan lára tó ń bá ibà ẹ̀fọn jà. Ẹ̀yin lè rò pé ibà ò jẹ́ nǹkan kan, torí ẹ ti ń ṣe é láti kékeré. Ó lè pa ọmọ yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ewu rẹ̀ sì ni pé January ló ń yọjú, nígbà tí gbogbo ọmọ kíláàsì ń wúkọ́, tí ara oníkálukú ń gbóná. Òbí á ní òtútù ló mú un. Nọ́ọ̀sì á ní fúlùú ni. Dókítà ibí ò rí màláríà lójoojúmọ́, kò lè wá sí i lọ́kàn bí ẹ ò bá sọ.

Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ dé, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín jẹ́: “Nàìjíríà la ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún màláríà.” Kódà bó bá jẹ́ oṣù kẹfà lẹ́yìn tí ẹ dé, ẹ ṣì sọ ọ́, torí ó lè fara pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Oògùn tí dókítà fún yín kẹ́ ẹ tó lọ náà ńkọ́? Kì í parí ní pápákọ̀ òfuurufú O'Hare. Ẹ lò ó dé ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lò ó dé, bí ara ọmọ tiẹ̀ le bí òkúta.

Ní ti ọ̀fìnkìn àti fúlùú tó wọ́pọ̀ níbí, ìlànà ọ̀pọ̀ iléèwé ò le. Bí ara ọmọ bá gbóná dé 100.4 lórí Fahrenheit, ìyẹn 38 lórí Celsius, kó jókòó sílé. Kò gbọdọ̀ padà títí wákàtí 24 á fi kọjá tí ara rẹ̀ balẹ̀ láìlo oògùn. Kókó ọ̀rọ̀ ni “láìlo oògùn” yẹn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń dúró de òbí, pàápàá ẹni tí wọ́n ń san owó wákàtí fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní Tylenol ní aago mẹ́fà, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, tó bá máa di ọ̀sán oògùn á ti lọ lára rẹ̀, wọ́n á pè yín níbi iṣẹ́, ọmọ mélòó kan á sì ti kó o. Ikọ́ díẹ̀ tàbí imú tó ń ṣàn láìsí ara gbígbóná kì í dá ọmọ dúró sílé. Láàárọ̀ tí ọmọ ò bá ní lè lọ, ẹ pe ọ́fíìsì iléèwé.

[Àwòrán: kóòtù ọmọdé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.]

Ó kan aṣọ. Òfin Illinois ní kí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì karùn-ún máa ní ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ láti fi ṣeré bó ṣe wù ú, tíṣà ò sì lè fi gbígba eré náà jẹ ẹ́ níyà. Àfi kí òtútù kọjá àlà, ìta ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Òbí tó ń fi mọ́tò gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà lè rò pé kóòtù fẹ́lẹ́ ti tó. Ẹ rántí pé ọmọ yìí á wà níta lọ́sàn-án.

Ẹ wọ aṣọ lé aṣọ fún un dípò ẹyọ kan tó nípọn. Ìbọ̀wọ́ tó kó ìka mẹ́rin sójú kan ń móoru ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ lọ, ó sì rọrùn fún ọmọ láti wọ̀. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sínú kóòtù, fìlà, ìbọ̀wọ́ méjèèjì àti bàtà. Ní ìparí oṣù, ẹ ó rí àpótí ohun tó sọnù ní iléèwé, ìbọ̀wọ́ dúdú tó jọra ló máa ń kún inú rẹ̀.

Tíṣà kan tó ní ọmọ 25 ò lè wọ kóòtù fún gbogbo wọn. Ẹ kọ́ ọmọ yín nílé báyìí: ẹ tẹ́ kóòtù sílẹ̀, kí inú rẹ̀ dojú kọ òkè, kí ọrùn rẹ̀ wà níbi ẹsẹ̀ ọmọ. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀, kó ki ọwọ́ méjèèjì bọ apá kóòtù, kó wá gbé e gba orí rẹ̀ kọjá sẹ́yìn. Kóòtù ti wọ̀ nìyẹn. Ó kù kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní síìpù.

Ẹ má de ọmọ mọ́ ìjókòó rẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú kóòtù olówùú nípọn lọ́rùn. Bí mọ́tò bá kọlu nǹkan, owú yẹn á fún pọ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀, ọmọ á sì lè yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bọ́ kóòtù náà, ẹ fa bẹ́líìtì le, kẹ́ ẹ wá fi kóòtù bò ó láti iwájú. Bí kóòtù bá sì wọ́n yín lówó, ẹ sọ fún iléèwé láìtijú. Púpọ̀ nínú wọn mọ ibi tí wọ́n ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀rọ amúlégbóná máa ń gbẹ awọ ara bí ọyẹ́. Òrí tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ láti ilé, àsìkò rẹ̀ rèé. Ẹ fi pa ọmọ lára, lẹ́sẹ̀ àti létè, lálẹ́.

Nígbà mìíràn, iléèwé fúnra rẹ̀ máa ń tì. Ní January 30, ọdún 2019, òtútù já sí ìwọ̀n 23 lábẹ́ òdo lórí Fahrenheit ní O'Hare, ìyẹn bíi 31 lábẹ́ òdo lórí Celsius. Iléèwé ìjọba Chicago tì lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì. Ní February 2011 náà, òjò dídì tó lé ní ínṣì 20 ti gbogbo ìlú pa. Ṣùgbọ́n òjò dídì lásán kì í sábà ti iléèwé níbí, nítorí náà ẹ má dá ọmọ dúró torí pé ojú títì funfun. Òfin ti fi ọjọ́ 5 fún pàjáwìrì sínú kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ 185. Èyí tí wọ́n bá lò nínú rẹ̀, wọ́n lè san án padà ní òpin ọdún, torí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì June sún mọ́ ọjọ́ ìparí jù. Orí fóònù ni ìròyìn títì máa ń gbà wá. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà láti August, ẹ lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ẹnì kejì kún un.

[Àwòrán: ọmọ níwájú kọ̀ǹpútà, ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí.]

Láàárín January sí ìbẹ̀rẹ̀ March, ìdánwò kan wà tó ń jẹ́ ACCESS. Nígbà tí ẹ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Bí ẹ bá kọ Yorùbá, wọ́n á yẹ Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wò. Bó bá ṣì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, wọ́n á fi í sínú ètò kan, á sì máa ṣe ACCESS lọ́dọọdún títí máàkì rẹ̀ á fi tó. Kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ ni wọ́n ń dán wò. Kì í ṣe ìjìyà, kò sì túmọ̀ sí pé ọmọ ò gbọ́n.

Àwọn òbí wa kan máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sínú fọ́ọ̀mù náà, kí wọ́n má baà fojú kéré ọmọ. Mo lóye ẹ̀rù yẹn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Òfin Illinois ní bí ọmọ 20 tó ń gba irú ìrànlọ́wọ́ yìí bá ń sọ èdè kan náà nínú iléèwé kan, iléèwé náà gbọ́dọ̀ lo èdè yẹn pẹ̀lú láti kọ́ wọn. Ta ló máa ka àwọn ọmọ Yorùbá mọ́ ọn, bí àwa fúnra wa bá fi wọ́n pamọ́? Bí ẹ ò bá fẹ́ ètò náà, ẹ lè kọ̀wé pé ẹ ò fẹ́. Ìdánwò ọdọọdún ṣì máa wáyé. Nílé, ẹ máa bá ọmọ sọ Yorùbá lọ. Kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Bákan náà, bí Gẹ̀ẹ́sì iléèwé ò bá yé òbí dáadáa, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ ní àbúrò tó fẹ́ wọ jẹ́lé-ó-sinmi ní August? Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 5 ní September 1 tàbí ṣáájú rẹ̀. Ẹ ti máa wá ìwé ọjọ́ ìbí, ẹ̀rí ibùgbé àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára báyìí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ti dájọ́ láti ọdún 1982 pé iléèwé ìjọba ò lè lé ọmọ nítorí ìwé ìgbélùú. Àyẹ̀wò eyín fún jẹ́lé-ó-sinmi, kíláàsì kejì àti kẹfà gbọ́dọ̀ dé iléèwé kó tó di May 15. Ẹ gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín kó tó kún.

Àwọn ọjọ́ kéékèèké tó kù: Ọjọ́ Ajé kẹta ní January ni ìsinmi Martin Luther King, tó gbé ní North Lawndale ní Chicago yìí lọ́dún 1966. Ọjọ́ Ajé kẹta ní February ni ti àwọn Ààrẹ. Ìsinmi Lincoln àti ti Pulaski, iléèwé kan ń gbà á, òmíràn ò gbà á. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tiyín. Ní nǹkan bí February, wọ́n á ní kí ọmọ kó ọgọ́rùn-ún nǹkan wá fún ọjọ́ ọgọ́rùn-ún iléèwé. Ẹ̀wà funfun dára fún un. Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá kà á láti oókan dé ọgọ́rùn-ún lórí tábìlì yín. Ní Valentine, tí káàdì bá máa lọ, kó kárí gbogbo ọmọ kíláàsì. Ẹ má fi ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí ránṣẹ́, torí ọmọ tí ẹ̀pà ń bá jà.

Ọjọ́ Àìkú kejì ní March, aago máa sún síwájú ní wákàtí kan. Ọmọ tó ń jí ní mẹ́fà á máa rí i bíi márùn-ún. Láti Ọjọ́rú tó ṣáájú, ẹ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tètè gbé e lọ sùn lálaalẹ́, tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé bá fi mọ́, ara rẹ̀ á ti bá a mu.